Opó Tó Ń Dá Lọ Èkó Tajà: Ṣé Owó Rẹ̀ Di Háráámù?

ÌBÉÈRÈ: Asalaamu alaekumu, Àáfà wa. Opó ni mí, Ìsẹ́yìn ni mò ń gbé, ìdà mi (àkókò opó ṣíṣe) sì ti parí tipẹ́. Aṣọ òfì ni mò ń tà, èmi nìkan ni mo sì máa ń kó o lọ bá àwọn oníbàárà mi ní Balógun, ní Èkó. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá ṣe wáàsí ní àsàlátù wa, ó ní obìnrin tó bá rìnrìn àjò láìsí mahram (ọkọ, tàbí ọkùnrin ẹbí tí kò lè fẹ́ ẹ láéláé), ìrun rẹ̀ kò ní gbà títí yóò fi padà délé, owó tó bá sì mú bọ̀, háráámù ni. Láti ọjọ́ náà ni àwọn kan ti ń wò mí bákan. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin wà, ṣùgbọ́n ó ní òun ò ráyè. Ọmọ mi ọkùnrin jẹ́ ọmọ ọdún 12. Ṣé kí n máa mú un dání ni? Mo tún ń tọ́jú owó Hájì. Ṣé mo lè lọ?

ÌDÁHÙN: Wa alaekumu salaamu wa rahmatullahi. Kí Ọlọ́hun tẹ́ ọkọ yín sí aljánnà.

Owó yín kò di háráámù. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ìyẹn kúrò nílẹ̀ kí ọkàn yín lè balẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìrìn àjò ọ̀tọ̀, ọ̀rọ̀ káràkátà ọ̀tọ̀. Aṣọ yín ni ẹ tà, ẹni tó rà á rí ohun tó rà, ó sì sanwó tinútinú. Òwò tó mọ́ nìyẹn. Kódà àwọn onímọ̀ tó le jù lórí mahram gbà pé bí obìnrin bá lọ Hájì láìsí mahram, Hájì náà ṣe, bí wọ́n tilẹ̀ ní ó dẹ́ṣẹ̀ ìrìn àjò. Bí Hájì gan-an kò bá bàjẹ́, kí ló wá kan owó òfì? Ìrun tó ní kò ní gbà ńkọ́? Kó fi ibi tó ti kà á hàn wá. Mo sì fẹ́ bi í léèrè: tí àwọn ìyá àsàlátù bá dáwó ọkọ̀ fún un, ṣé ó máa ń kọ́kọ́ ya owó àwọn tó dá lọ Èkó sọ́tọ̀ kó tó ki ìyókù bọ àpò?

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má rò pé mo fẹ́ fọwọ́ rọ́ hádíìsì sẹ́yìn. Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) sọ pé kò tọ́ fún obìnrin tó gba Ọlọ́hun àti ọjọ́ ìkẹyìn gbọ́ láti rin ìrìn ọ̀sán kan òru kan láìsí mahram. Abu Hurayra ló gbà á wá, ó wà nínú Muwatta, ìwé Ìmáàmù Máálíkì, ó wà lọ́dọ̀ Bukhari àti Muslim. Ẹ̀gbàwá mìíràn sọ ọjọ́ méjì, òmíràn sọ mẹ́ta. Àwọn arábìnrin wa kan wá ń sọ pé, "Àáfà, wákàtí díẹ̀ péré ni Èkó sí wa, ọ̀sán àti òru kò kàn wá." Ẹ má gbọ́ ti wọn. Ibi tí ilẹ̀ jìn dé ni àwọn onímọ̀ ń wò, wọn kì í wo eré tí ọkọ̀ ń sá. Burudu mẹ́rin (òṣùwọ̀n ọ̀nà jíjìn àtijọ́ ni burudu) ni lọ́dọ̀ àwa tó ń tẹ̀lé Máálíkì, èyí jẹ́ máìlì 48 ti àwọn Lárúbáwá, nǹkan bí 80 kìlómítà. Láti Ìsẹ́yìn dé Èkó jìn jùyẹn lọ dáadáa. Ṣebí ẹ máa ń dín ìrun kù tí ẹ bá dé Èkó? Kò lè jẹ́ ìrìn àjò nígbà tí ìrun bá kàn, kó má jẹ́ ìrìn àjò mọ́ nígbà tí mahram bá kàn.

Ibi tí àríyànjiyàn wà gan-an ni ti obìnrin tí kò ní mahram, tàbí tó ní ṣùgbọ́n tí mahram náà kò lè bá a lọ. Màsíhábù Ìmáàmù Máálíkì, ìyẹn ọ̀nà tó gbà lóye òfin ẹ̀sìn, ni mo fi ń dáhùn, òun ni àwọn bàbá wa fi kọ́ wa, mi ò sì fi pa mọ́. Máálíkì fúnra rẹ̀ sọ nínú Muwatta nípa obìnrin tí kò tíì ṣe Hájì rí pé, tí kò bá ní mahram, tàbí tó ní tí onítọ̀hún kò lè bá a jáde, kò gbọdọ̀ torí ẹ̀ pa ọ̀ranyàn Ọlọ́hun tì, kó bá àwùjọ àwọn obìnrin lọ. Sheikh Khalil, onímọ̀ màsíhábù wa, wá kó o jọ nínú ìwé rẹ̀ pé ẹgbẹ́ ìrìn àjò tó ṣe é fọkàn tán lè dúró ní ipò mahram nínú ìrìn tó jẹ́ ọ̀ranyàn. Ó sì fi kún un pé àwọn onímọ̀ wa ṣe iyèméjì lórí irú ẹgbẹ́ tó tó: ṣé obìnrin nìkan ni, ṣé ọkùnrin nìkan ni, àbí àfi kí méjèèjì pé. Ẹ wo bí àwọn àgbà ṣe ń ṣọ́ ẹnu. Wọ́n mọ ibi tí ìmọ̀ wọn dúró, wọ́n sì kọ iyèméjì wọn sílẹ̀. Ọmọ àná wa tó ṣe wáàsí yẹn ò ṣe iyèméjì kankan ní tiẹ̀.

Ìrìn òfì kì í ṣe Hájì. Ẹni tó bá di ọ̀rọ̀ Khalil mú bó ṣe wà yóò ní ọ̀ranyàn nìkan ni ẹgbẹ́ tó ṣe é fọkàn tán wà fún. Mo bọ̀wọ̀ fún un, àwọn màsíhábù Hanafi àti Hanbali sì wà lẹ́yìn rẹ̀ lórí òwò. Ṣùgbọ́n nínú màsíhábù wa kan náà ni Abu al-Walid al-Baji wà, onímọ̀ Andalus tó kú ní 474 Híjírà. Ó ní lójú tòun, obìnrin tó wà lóun nìkan tàbí láàárín èrò díẹ̀ ni ìdíwọ́ yìí wà fún. Ní ti ọ̀wọ́ arìnrìn-àjò ńlá àti ọ̀nà tí gbogbo ayé ń tọ̀, tó kún fún èèyàn, tí ọkàn sì balẹ̀ síbẹ̀, ó ní bí ìlú tó ní ọjà àti oníṣòwò ló rí: ààbò ti wà fún obìnrin níbẹ̀ bí kò tilẹ̀ sí mahram. Ọ̀rọ̀ yìí ni mo gbà fún opó tó ń wá oúnjẹ ọmọ.

Àwọn kan máa ń fi ọ̀rọ̀ àwọn ìyàwó Ànábì gbe ìyọ̀ǹda yìí lẹ́sẹ̀, pé kálífà Umar jẹ́ kí wọ́n lọ Hájì, ó sì fi Uthman àti Abdur-Rahman ọmọ Awf tì wọ́n lẹ́yìn. Èmi kì í gbára lé ìyẹn, torí ìyá gbogbo onígbàgbọ́ ni wọ́n. Hádíìsì Adiyy ọmọ Hatim tún wà, pé obìnrin yóò gun ràkúnmí láti al-Hira ní Iráàkì wá yí Káábà ká, kò ní bẹ̀rù ẹnikẹ́ni àfi Ọlọ́hun. Ìròyìn nípa ààbò tó ń bọ̀ nìyẹn, kì í ṣe ìwé àṣẹ. Ṣùgbọ́n ó jẹ́ ká rí i pé ààbò ni ọ̀rọ̀ yìí ń yí ká.

Ẹ gbọ́ mi dáadáa níbí o, Ìyá. Ààbò ni al-Baji gbé ìyọ̀ǹda lé. Lọ́jọ́ tí ààbò kò bá sí, ìyọ̀ǹda náà ti lọ. Ẹ lè wọ bọ́ọ̀sì tó kún ní gáréèjì láàárọ̀, níbi tí wọ́n ti ń kọ orúkọ èrò àti nọ́ńbà ará ilé sílẹ̀, tí àwọn obìnrin mìíràn sì wà nínú rẹ̀. Ọkọ̀ tó ń pe èrò lẹ́bàá títì nírọ̀lẹ́, tí ọkùnrin mẹ́ta ti wà nínú rẹ̀, tí ọ̀kan bọ́ sílẹ̀ pé kí ẹ bọ́ sáàárín, "one chance" nìyẹn, ẹ kò sì ní fatwa kankan lọ́wọ́ mi láti wọ̀ ọ́, kódà kó gbé yín lọ́fẹ̀ẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ gbé dọ́ọ̀pù, kó ku ẹ̀yin àti awakọ̀ nìkan lójú ọ̀nà jíjìn. Ìyẹn tún kó yín sínú hádíìsì mìíràn, èyí tó ní kí ọkùnrin má dá wà pẹ̀lú obìnrin láìsí mahram. Èrò méjìdínlógún nínú bọ́ọ̀sì kì í ṣe dídá wà.

Ẹ ya fọ́tò nọ́ńbà ọkọ̀ kí ẹ tó wọlé, kí ẹ fi ránṣẹ́ sílé. Ẹ má gba gúgúrú tàbí bisikíìtì lọ́wọ́ ẹni tí ẹ kò mọ̀. Tí ọjà kò bá tètè tà, ẹ sùn lọ́dọ̀ obìnrin tí ẹ fọkàn tán ní Èkó, kí ẹ má bọ́ sọ́nà lálẹ́. Ẹ kó Ìrọ̀lẹ́ mọ́ Àìlá kí ẹ tó gbéra, ẹ̀tọ́ arìnrìn-àjò ni, kí ẹ má baà máa bẹ awakọ̀ pé kó dúró níbi tó dá. Tí ìtọ̀ bá ń gbọ̀n yín, ilé epo ni kí ẹ ní kó dúró sí, ẹ má wọgbó. Tí ìròyìn ajínigbé bá sì gba ọ̀nà kan, ọ̀rọ̀ ti kọjá ti obìnrin: Ọlọ́hun ní ká má fọwọ́ ara wa ti ara wa sínú ìparun (Súrà 2:195), tọkùnrin tobìnrin ló sì ń bá wí.

Ní ti ọmọ yín, àwọn Máálíkì kò ní dandan kí mahram bàlágà, tó bá ti ní làákàyè tó sì lè dáàbò boni. Àwọn mìíràn ní àfi kó bàlágà. Èmi ń bi yín: ọmọ tó sùn sí èjìká yín láti Ìbàdàn dé Bẹ́jà, ta ló ń ṣọ́ ta? Ẹ jẹ́ kó lọ sílé ẹ̀kọ́.

Hájì kò ṣòro. Ọ̀ranyàn ni, ẹ kò tíì ṣe é rí, ọ̀rọ̀ Máálíkì sì ti ṣe tán lórí ẹ̀: ẹ bá àwùjọ àwọn obìnrin lọ. Ìdí tí ẹ̀rù fi ń ba àwọn kan ni ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 2012, nígbà tí wọ́n dá àwọn obìnrin Nàìjíríà tó lé ní 1,000 dúró ní pápákọ̀ òfurufú Jeddah nítorí mahram, tí wọ́n sì dá ọ̀pọ̀ wọn padà. Ìjọba Saudi ti yí òfin náà padà, ní October 2022 sì ni mínísítà Hájì wọn sọ pé obìnrin lè wá láìsí mahram. Àṣẹ ìjọba kò sọ háráámù di hàláàlì, ẹ má fi ṣe ẹ̀rí fún ẹnikẹ́ni. Ohun tó ṣe fún yín ni pé ẹnikẹ́ni kò ní dá yín dúró ní Jeddah. Ẹ gba ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ Hájì ìpínlẹ̀ yín lọ, kí ẹ sì mọ àwọn obìnrin tí ẹ jọ máa wà ní yàrá kan kí ẹ tó kúrò nílé.

Ó ku ẹ̀gbọ́n yín. Ẹ kò ní torí ẹ̀gbọ́n tí kò ráyè jókòó ti ebi. Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún un pé mo kí i, kó sì yọjú sí mi lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Mo fẹ́ bi í bóyá kò ráyè jẹ nínú owó òfì náà.

Ọlọ́hun ló mọ̀ jù.