Ẹ Béèrè, Mo Dáhùn: Fọ́tò Orí Bébà àti Ìdíje Inú Ẹgbẹ́ Ayàwòrán

Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí pọ̀, orí ìdíje inú ẹgbẹ́ ayàwòrán ni ọ̀pọ̀ nínú wọn sì dá lé. Èmi ni mò ń bójú tó ìdíje nínú ẹgbẹ́ tiwa. Èmi ni mo máa ń gba fọ́tò lọ́wọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ lẹ́nu ọ̀nà, èmi náà ni mo máa ń gbé wọn kalẹ̀ lábẹ́ iná níkọ̀ọ̀kan kí adájọ́ lè wò wọ́n. Ọ̀rọ̀ yìí jẹ mí lógún gan-an. Mo gé àwọn lẹ́tà náà kúrú, n kò sì dárúkọ ẹnikẹ́ni.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, ma. Ọmọ ogún ọdún ni mí, fóònù nìkan ni mo fi ń ya fọ́tò. Mo fẹ́ bá wọn kópa nínú ìdíje ẹgbẹ́ kan nítòsí wa, orí bébà ni wọ́n sì ń gbà á. Mo lọ fọ fọ́tò kan tí gbogbo ènìyàn ti yìn lórí fóònù mi. Nígbà tó jáde, ó ṣú dùdù, ó sì rí bàìbàì. Ṣé fóònù mi ni kò dáa tó ni? — Ọmọ yín, akẹ́kọ̀ọ́

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, fóònù rẹ dáa. Ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ṣe fọ́tò rẹ, ó sì yẹ kí o mọ èyí tó jẹ́ ti ìkíní àti èyí tó jẹ́ ti ìkejì kí o tó lọ fọ òmíràn.

Ti bàìbàì yẹn, mo fura pé orí WhatsApp ni o gbà fi fọ́tò náà ránṣẹ́ sí ẹni tó bá ọ fọ̀ ọ́. WhatsApp máa ń fún fọ́tò pọ̀ kó lè tètè dé ibi tó ń lọ, ọ̀pọ̀ ohun tó wà nínú rẹ̀ á sì ti dà nù sọ́nà. Lójú fóònù, o ò ní mọ̀. Orí bébà ni àṣírí ti ń tú: irun ìpéǹpéjú á lẹ̀ mọ́ra wọn, ewé igi á di nǹkan tútù kan ṣáá. Kí fọ́tò tó lè hàn kedere béèyàn bá gbé e lọ́wọ́, nǹkan bíi píkísẹ́lì 300, ìyẹn àwọn àmì tín-íntín tó para pọ̀ di fọ́tò, ló yẹ kó wà nínú ínṣì kọ̀ọ̀kan. Bébà A4, tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 21 sí 29.7, ń fẹ́ píkísẹ́lì 2480 sí 3508. Fóònù tó bá ń ya mẹgapíkísẹ́lì 12, ìyẹn píkísẹ́lì mílíọ̀nù 12, máa ń gbé 3000 sí 4000 jáde. Wò ó, ó tó A4, ó tún ṣẹ́ kù. Nítorí náà, fi fáìlì gan-an ránṣẹ́ (ohun tí WhatsApp ń pè ní "Document"), má fi ránṣẹ́ bíi fọ́tò. Bí ó bá ṣeé ṣe, fi wáyà gbé e láti inú fóònù bọ́ sínú kọ̀mpútà ẹni tó fẹ́ fọ̀ ọ́. Má sì máa fi ìka méjì fa nǹkan sún mọ́ra nígbà tí o bá ń yà á, torí pé lórí ọ̀pọ̀ fóònù, ńṣe nìyẹn kàn ń gé fọ́tò rẹ kù. Fẹsẹ̀ rẹ rìn lọ bá ohun tí o fẹ́ yà.

Ti òkùnkùn yẹn yàtọ̀. Ojú fóònù ní iná tirẹ̀ nínú. Bébà kò ní. Ìmọ́lẹ̀ tó bá bà lé e nìkan ló ń dá padà fún wa. Bí iná fóònù rẹ bá wà lókè pátápátá nígbà tí o ń tún fọ́tò ṣe, ojú rẹ á sọ fún ọ pé ó mọ́lẹ̀ tó, nígbà tó jẹ́ pé fọ́tò fúnra rẹ̀ ṣì ṣókùnkùn. Gbé bébà funfun kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ fóònù tàbí kọ̀mpútà náà, kí o máa fa iná rẹ̀ wálẹ̀ títí funfun méjèèjì á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bára mu. Ìgbà yẹn ni kí o tó bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe.

Kí o tó fọ ńlá, fọ kékeré wò. Jẹ́ kí wọ́n fi fọ́tò kan náà sórí bébà kan lẹ́ẹ̀mẹ́ta: ọ̀kan bó ṣe wà, ọ̀kan tí o fi ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ kún, ọ̀kan tí o fi kún ju ìyẹn lọ. Gbé e dé ojú fèrèsé lọ́sàn-án, kí o wo inú òjìji. Èyí tí o bá ti ń rí nǹkan nínú òjìji rẹ̀ láìjẹ́ pé ojú ọ̀run di funfun ṣáá, òun ni kí o mú. Ohun kan ṣì kù: fọ́tò fóònù kò gùn tó bébà A4. Bí o kò bá fúnra rẹ pinnu ibi tí o máa gé, ẹ̀rọ á bá ọ gé e, bí o bá sì ya fọ́tò náà ní ìbú, orí ẹni tó dúró gangan nínú rẹ̀ lè bá a lọ.

ÌBÉÈRÈ: Mo ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ fọ́tò, òun ni mo fi ń jẹun. Ní ìdíje ẹgbẹ́ wa tó kọjá, mo gbé fọ́tò ìyá àgbàlagbà kan tó ń rẹ́rìn-ín kalẹ̀. Adájọ́ ní nǹkan funfun kan wà ní igun òsì tó ń fa ojú òun kúrò lára ìyá náà, ó fún mi ní 13 nínú 20. Ọmọ kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ẹgbẹ́ gba 18. N kò fẹ́ lọ mọ́. Ṣé mo jẹ̀bi? — Bàbá kan tí inú ń bí

ÌDÁHÙN: Ẹ pẹ̀lẹ́, sà. Ó máa ń dunni, pàápàá níwájú àwọn tó mọ̀ wá níṣẹ́ ọwọ́ wa. Ẹ ò jẹ̀bi pé inú ń bí yín. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó pinnu, ẹ bá mi ṣe nǹkan kan. Ẹ gbé fọ́tò náà sára ògiri, ẹ dorí rẹ̀ kodò, kí ẹ rìn sẹ́yìn títí dé ìparí yàrá. Ẹ yíjú sí ibòmíràn fúngbà díẹ̀, kí ẹ wá yíjú padà sí i lójijì. Ibo ni ojú yín kọ́kọ́ bà lé?

Bí ó bá jẹ́ igun òsì, òótọ́ ni adájọ́ sọ. Ojú èèyàn máa ń sáré lọ síbi tó mọ́lẹ̀ jù lọ, ìyẹn kò sì mọ ọ̀gá tàbí ọmọṣẹ́. Ẹ̀yin gbọ́ ẹ̀rín ìyá yẹn lọ́jọ́ tí ẹ yà á, ẹ mọ ohun tó pa á lẹ́rìn-ín. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá wo fọ́tò náà, ẹ ṣì ń gbọ́ ẹ̀rín ọ̀hún, òun ni kò jẹ́ kí ẹ rí igun. Adájọ́ kò gbọ́ nǹkan kan. Bébà nìkan ló wà níwájú rẹ̀. Ẹ fi òkùnkùn díẹ̀ bo igun yẹn tàbí kí ẹ gé e kúrò, kí ẹ tún fọ̀ ọ́, kí ẹ sì gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ó dá mi lójú pé inú yín á dùn sí ìkejì.

Bí ó bá sì jẹ́ pé ojú ìyá náà ni ojú yín bà lé tààrà, a jẹ́ pé adájọ́ ló ṣìnà, adájọ́ a sì máa ṣìnà. Ọdún 1863 ni Julia Margaret Cameron bẹ̀rẹ̀ sí ya fọ́tò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó ti pé ẹni ọdún 48 nígbà náà. Àwọn ògbóǹtarìgì ayàwòrán ìgbà rẹ̀ bẹnu àtẹ́ lù ú nínú ìwé ìròyìn wọn: wọ́n ní fọ́tò rẹ̀ kò hàn kedere, wọ́n ní ó kún fún àbàwọ́n, pé iṣẹ́ ẹni tí kò mọ iṣẹ́ ni. Ó mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀ ní rírọ̀ bẹ́ẹ̀ ni, kò sì yí i padà nítorí ẹnikẹ́ni. Ní 1865, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé South Kensington, tí a mọ̀ sí Victoria and Albert lónìí, ra fọ́tò rẹ̀. Ó gbọ́ ohun tí wọ́n sọ, ó mọ ìdí tí òun kò fi gbà á. Bí ẹ̀yin náà bá lè sọ ìdí tí nǹkan funfun yẹn fi gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ síbẹ̀.

Ní ti 13 àti 18, mo ti gbé ọ̀pọ̀lọpọ̀ fọ́tò síwájú oríṣiríṣi adájọ́, mo sì fẹ́ kí ẹ gbà mí gbọ́: adájọ́ mìíràn lè fún tiyín ní 17 lọ́la. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí àwọn ìdíje kan fi ń lo adájọ́ mẹ́ta, tí wọ́n á ro máàkì wọn pọ̀. Ohun tí n kò fẹ́ kí ẹ pàdánù ni gbólóhùn tó sọ nípa igun òsì. Àwọn tó ń fowó gbé iṣẹ́ fún yín kò ní sọ ọ́ láéláé. Wọ́n á gba fọ́tò wọn, wọ́n á dúpẹ́, wọ́n á lọ. Inú ẹgbẹ́ nìkan lẹ ti lè rí àlejò tó máa jókòó ti iṣẹ́ yín, tó máa wò ó dé igun. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ padà lọ. Kí ẹ sì bá ọmọ tó gba 18 yẹn sọ̀rọ̀, ẹ béèrè bó ṣe rí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀. Á dùn mọ́ ọn nínú ju ife ẹ̀yẹ lọ pé irú yín wá béèrè nǹkan lọ́wọ́ òun.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé dandan ni kí n lẹ fọ́tò mọ́ páálí? Àwọ̀ wo ló sì dáa jù?

ÌDÁHÙN: Òfin ẹgbẹ́ yín ni kí ẹ kọ́kọ́ kà. Páálí sẹ̀ǹtímítà 40 sí 50 ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ń lò, láìka bí fọ́tò inú rẹ̀ ṣe tóbi tó sí. Páálí wúlò nítorí pé bébà tó bá kákò máa ń gba iná sójú lápá kan, adájọ́ kò sì ní rí ohun tó wà níbẹ̀. Mo fara mọ́ funfun tí kò mọ́ jù, tàbí dúdú fún fọ́tò tó bá ṣókùnkùn. Páálí pupa tàbí búlúù á máa bá fọ́tò yín du ojú ẹni tó ń wò ó. Bí ojú ọ̀run funfun bá wà nínú fọ́tò yín, tí páálí náà sì funfun, ẹ fa ìlà tín-ínrín kan yí fọ́tò náà ká kí a lè mọ ibi tó parí sí.

Mo bẹ̀ yín, ẹ wo ẹ̀yìn páálí yín dáadáa. Gọ́ọ̀mù tó bá ṣí sílẹ̀ níbẹ̀ á lẹ̀ mọ́ ojú fọ́tò ẹni tó tẹ̀ lé yín nínú àpò. Mo ti rí ibi tí irú rẹ̀ ti ṣí awọ ojú fọ́tò ọmọ ẹgbẹ́ kan kúrò, láti iwájú orí dé àgbọ̀n. Kò sí àtúnṣe fún ìyẹn.

ÌBÉÈRÈ: Akọ̀wé ẹgbẹ́ kékeré kan ni mí. Àwọn mẹ́ta kan náà ló ń gbégbá orókè nígbà gbogbo, àwọn tó kù kò gbé fọ́tò wá mọ́, ìdíje sì ti ń dá ìjà sílẹ̀. Kí ni ká ṣe, ma?

ÌDÁHÙN: Akọ̀wé, ẹ kú iṣẹ́ takuntakun. Ẹ pe adájọ́ láti ìta, ẹni tí kò mọ iṣẹ́ ọwọ́ ẹnikẹ́ni nínú yín. Orúkọ kò gbọ́dọ̀ sí lójú fọ́tò. Àkọlé nìkan ni kí ẹ kà jáde. Kí adájọ́ sọ̀rọ̀ lórí fọ́tò kó tó dá máàkì, nítorí pé bí ènìyàn bá ti gbọ́ 12, etí rẹ̀ ti di nìyẹn. Ẹ ya àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sọ́tọ̀ sí ìpele tiwọn, kí ẹ sì tètè kéde ohun tí wọ́n máa yà, kí wọ́n lè rí àyè lọ yà á. "Ọwọ́" dáa, "òjìji" náà dáa. "Ẹwà" kò dáa, ó fẹ̀ jù, fọ́tò àtijọ́ ni gbogbo wọn á kàn lọ tú jáde.

Ẹ fiyè sí iná. Bí ẹ bá sún iná láti mítà kan sí mítà méjì, ìdá kan nínú mẹ́rin ìmọ́lẹ̀ náà ló máa ṣẹ́ kù lójú fọ́tò. Nítorí náà, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sílẹ̀ níbi tí ìdúró iná wà, kí ẹnikẹ́ni má sún un láàárín ìdíje. Gílóòbù tó bá sún mọ́ 5000 kelvin (òun ni wọ́n fi ń wọn àwọ̀ ìmọ́lẹ̀) ni kí ẹ lò, òun ni àwọn atẹ̀wé fi ń yẹ iṣẹ́ wò. Abẹ́ gílóòbù tó pọ́n, awọ ara gbogbo ènìyàn á pọ́n ni.

Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí gbogbo ìpàdé jẹ́ ìdíje. Ìpàdé tí mo fẹ́ràn jù nínú ẹgbẹ́ wa ni èyí tí kò ní máàkì. Fọ́tò á wà lórí tábìlì, a óò máa gbé e lọ́wọ́ síra wa. Oníṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ la ẹnu títí àwọn yòókù á fi sọ ohun tí wọ́n rí. Ẹ ò lè mọ iye ohun tí èèyàn ń kọ́ nípa fọ́tò ara rẹ̀ bó bá kàn jókòó, tó pa ẹnu mọ́, tó ń gbọ́ tí wọ́n ń pe ẹni tó ń ronú nínú fọ́tò rẹ̀ ní ẹni tó ń sùn. Ẹ tún lè jọ jáde lọ síbì kan náà, ní wákàtí kan náà, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan mú fọ́tò kan ṣoṣo bọ̀. Ní ti àwọn mẹ́ta tó ń gbégbá orókè, ẹ fún wọn ní ìpàdé kan láti kọ́ àwọn yòókù, kí wọ́n sì kó àwọn èyí tí kò dáa wá, ìyẹn àwọn tí wọ́n yà kí wọ́n tó rí èyí tó borí.

ÌBÉÈRÈ: Ǹjẹ́ mo lè tún gbé fọ́tò tó ti borí wá?

ÌDÁHÙN: Rárá, kì í ṣe nínú ẹgbẹ́ kan náà, kódà bí ẹ bá sọ ọ́ di dúdú àti funfun. Ẹ mú u lọ sí àfihàn níbòmíràn.

ÌBÉÈRÈ: Ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ wa gbé àwòrán kan wá, ó jọ pé kọ̀mpútà ló dá a ṣe, pé kì í ṣe kámẹ́rà ló yà á. Báwo la ṣe máa ṣe é?

ÌDÁHÙN: FIAP, àjọ àgbáyé tí àwọn ẹgbẹ́ ayàwòrán dá sílẹ̀ ní 1950, béèrè pé kí gbogbo ohun tó wà nínú fọ́tò jẹ́ ohun tí oníṣẹ́ fúnra rẹ̀ yà. Ẹ kọ irú òfin bẹ́ẹ̀ sínú ìwé ẹgbẹ́ yín kí ìdíje tó ń bọ̀ tó bẹ̀rẹ̀, kó má dà bíi pé torí ẹnì kan lẹ ṣe ṣe é. Ẹ má sì bá ẹni yẹn sọ ọ́ níwájú gbogbo ènìyàn. Kí alága pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kó fi pẹ̀lẹ́tù béèrè fáìlì bó ṣe jáde látinú kámẹ́rà, pẹ̀lú àwọn tó yà ṣáájú rẹ̀ àti lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó bá yà á lóòótọ́ á ní wọn lọ́wọ́.