SS ni ẹ̀gbọ́n mi tó kú, ṣé AA lèmi lè jẹ́?

Ìbéèrè: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Àkúrẹ́ ni mo wà, mò ń taṣọ ní Ọjà Ọba, ọmọ ọdún 27 sì ni mí. SS (àìsàn sickle cell) ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó kú nígbà tí mo wà ní sẹ́kọ́ńdìrì. Ara bàbá àti ìyá mi le. AS ni àfẹ́sọ́nà mi. Màmá mi ní AA ni mí, torí pé n kì í ṣàìsàn. Ṣé ìtàn ẹbí lè sọ ọ́?

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká rí irú ẹ̀ mọ́. Ṣé ìyá kan bàbá kan ni ẹ̀yin àti ẹ̀gbọ́n yín yẹn? Mò ń béèrè torí pé ọmọ ìyàwó àgbà, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá, "ẹ̀gbọ́n" la ń pe gbogbo wọn. Ẹ̀jẹ̀ ò mọ ìyẹn.

Ká ní ìyá kan bàbá kan ni yín. Ẹ mú bébà àti bírò, kí ẹ ya àwòrán ẹbí yín. Ẹ ya igun mẹ́rin fún ọkùnrin, róbótó fún obìnrin, kí ẹ kun ti ẹni tí àìsàn náà mú. Kí ọmọ tó jẹ́ SS, S kan gbọ́dọ̀ wá láti ọ̀dọ̀ bàbá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá. Àwọn òbí yín méjèèjì ló ní S nìyẹn, bó ti wù kí ara wọn le tó. James Neel, onímọ̀ nípa àjogúnbá ní Amẹ́ríkà, ló yẹ ẹ̀jẹ̀ irú òbí bẹ́ẹ̀ wò, tó sì fi èyí hàn lọ́dún 1949.

Bí ara wọn ṣe le, a máa kà wọ́n sí AS: A kan, S kan. Tí AS bá fẹ́ AS, ọ̀nà mẹ́rin ni oyún lè gbà: AA kan, AS méjì, SS kan. Ẹ̀yin kì í ṣe SS, ẹ yọ ọ́ kúrò. Ó ku mẹ́ta, méjì nínú ẹ̀ sì jẹ́ AS. Kì í ṣe ìdajì tí wọ́n máa ń sọ. Tí ẹ bá fẹ́ AS láì tíì ṣàyẹ̀wò, 1 nínú 6 ni pé ọmọ àkọ́kọ́ yóò jẹ́ SS. Tó bá jẹ́ pé AS ni yín lóòótọ́, ó di 1 nínú 4, oyún kọ̀ọ̀kan sì ni o: àkọ́bí tó jẹ́ SS kò gba àwọn àbúrò ẹ̀ sílẹ̀.

Tó bá jẹ́ ọmọ bàbá nìkan ni yín, ti bàbá nìkan ló dájú. Àǹfààní pé AS ni yín á wà ní ìdajì tàbí kó lé díẹ̀.

Ẹ tún bi màmá nípa àwọn ọmọ tí wọn kì í dárúkọ. Tí mo bá ti gbọ́ Málọmọ́ tàbí Dúrósinmi nínú ẹbí, mo máa ń béèrè ẹni tó kú ṣáájú. Kì í ṣe gbogbo àbíkú ni SS o; ibà náà pa ọmọ púpọ̀.

Àwòrán ò lè sọ bóyá AA tàbí AS lẹ jẹ́. Kí ẹ tó ra aṣọ ẹbí, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò electrophoresis (èyí tó ń ya A, S àti C inú ẹ̀jẹ̀ sọ́tọ̀) ní ibi méjì. Àyẹ̀wò tó kàn ń wá S kò lè rí C, oríṣi mìíràn tí ọmọ lè jogún bíi S. C sì wà láàárín àwa Yorùbá: tí AC bá fẹ́ AS, wọ́n lè bí SC, àìsàn lòun náà. Tí wọ́n bá fa ẹ̀jẹ̀ sí yín lára láàárín oṣù mẹ́rin sẹ́yìn, ẹ sọ fún wọn, torí ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn lè yí èsì yín padà.

Bàbá àti màmá náà lè ṣe é. Tí ti bàbá bá jáde ní AA, ẹ má tíì bá ẹnikẹ́ni jà nílé. Ẹ kọ́kọ́ tún un ṣe níbòmíràn.