Ṣé kí n tún ìrun tí mo kí lẹ́yìn ìmáàmù tó ń ṣe ẹgbẹ́ òṣèlú kejì kí?

ÌBÉÈRÈ: Ààfáà wa, a-salaamu alaykum. Ìjẹ̀bú-Òde ni mò ń gbé. Lẹ́yìn ìbò 2023 ni mo kúrò ní mọ́ṣáláṣí àdúgbò wa, torí ìmáàmù ṣàdúà fún olùdíje ẹgbẹ́ kejì lórí mínbárì. Èmi àti àbúrò mi, ọmọ ìyá mi, ò bára wa sọ̀rọ̀ mọ́ nítorí ẹgbẹ́ yìí kan náà. Nígbà tó fi ẹran Iléyá ránṣẹ́, mo ní kí ọmọ gbé e padà. Àwọn kan tiẹ̀ ní Mùsùlùmí tí kò bá dìbò fún Mùsùlùmí ti di munáfìkí. Ṣé kí n tún àwọn ìrun tí mo kí lẹ́yìn ìmáàmù náà kí? Fìlà ẹgbẹ́ ńkọ́, ṣé a lè fi kírun?

ÌDÁHÙN: Wa alaykumu salaam wa rahmatullah. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má tún ìrun kankan kí. Nígbà tí àwọn ọlọ̀tẹ̀ ká Sàyìdínà Uthman, kàlífà kẹta lẹ́yìn Ànábì, mọ́lé ní Mẹ̀dínà, tí ẹni àwọn ọlọ̀tẹ̀ náà ń ṣe ìmáàmù, ẹnì kan wá bi í léèrè irú ohun tí ẹ bi mí yìí. Èsì rẹ̀ wà nínú ìwé hádíìsì Bukhari: ìrun ló dára jù nínú iṣẹ́ tí èèyàn ń ṣe, bí wọ́n bá ń ṣe rere, ẹ bá wọn ṣe é, bí wọ́n bá ń ṣe ibi, ẹ yẹra fún ibi wọn. Ẹni tí wọ́n ń wá ọ̀nà àtipa ló sọ bẹ́ẹ̀ o. Àdúà lásán ni ìmáàmù tiyín ṣe.

Ìmáàmù náà ò ṣe dáadáa, mi ò ní gbè é. A kì í polongo ìbò lórí mínbárì. Àmọ́ ká ní olùdíje tiyín ló ṣàdúà fún, ṣé ẹ ó béèrè lọ́wọ́ mi?

Ẹgbẹ́ òṣèlú kì í ṣe háráámù. Ṣùgbọ́n bó bá di òun la fi ń mọ ẹni tí a ó fẹ́ràn, ẹni tí a ó kórìíra, ẹni tí a ó jẹ ẹran rẹ̀, ó ti jókòó sórí àga ẹ̀sìn nìyẹn. Lójú ogun kan, ará Mẹ́kà kan gbá ará Mẹ̀dínà kan nídìí. Ni ará Mẹ̀dínà bá ké pe àwọn Ansar, ìyẹn àwọn ará Mẹ̀dínà tó ran Ànábì lọ́wọ́, ará Mẹ́kà náà ké pe àwọn Muhajirun, ìyẹn àwọn tó ṣí wá láti Mẹ́kà. Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọ̀la Ọlọ́hun máa bá a) ní ìpè ayé àìmọ̀kan ni, kí wọ́n fi í sílẹ̀, ó ń rùn. Bẹ́ẹ̀, Ọlọ́hun fúnra rẹ̀ yin orúkọ méjèèjì nínú Sùúrà Tawbah. Bí irú orúkọ yẹn bá lè rùn, kí la fẹ́ sọ nípa ẹgbẹ́ tí olóyè rẹ̀ ń fò lọ sí òmíràn bí wọn ò bá ti fún un ní tíkẹ́ẹ̀tì?

Àwọn àgbà wa rí irú rẹ̀. Ní 1965, Ọlọ́pẹ (ẹgbẹ́ Action Group) àti Dẹ́mọ̀ (ẹgbẹ́ NNDP) ń da epo síra wọn lára, wọ́n ń sunlé ara wọn. Nígbà tó máa fi di 1966, ológun ti fòfin de gbogbo ẹgbẹ́ náà. Ọ̀pẹ lọ, Dẹ́mọ̀ lọ, ìyá kan náà ṣì ni àwọn ọmọ ìyá ní.

Ti munáfìkí yẹn, ẹ má dá wọn lóhùn. Mùsùlùmí méjì ni Abiola àti Kingibe ní 1993, Mùsùlùmí méjì náà ni Tinubu àti Shettima ní 2023, síbẹ̀ Mùsùlùmí tí kò dìbò fún wọn ò tìtorí ẹ̀ di munáfìkí. Ẹ̀rí jíjẹ́ ni ìbò. Sùúrà Nisaa, áyà 135, ní ká jẹ́rìí òdodo, kódà bó tako àwa fúnra wa, òbí wa àti ìbátan wa. Ẹni tó rò pé ẹlòmíràn ló tó gbangba sùn lọ́yẹ́ ò tíì jáde kúrò nínú Ìsìláàmù.

Ọ̀rọ̀ àbúrò yín ló ká mi lára jù. Ànábì ní kò tọ́ kí Mùsùlùmí yan ọmọ ìyá rẹ̀ lódì ju ọjọ́ mẹ́ta lọ, ẹni tó bá kọ́kọ́ sálámà ló sì lóore jù. Ẹran Iléyá, ẹran ìjọsìn ni. Orúkọ Ọlọ́hun ni wọ́n fi dúńbú rẹ̀, kì í ṣe orúkọ ẹgbẹ́. Ẹ lọ sílé rẹ̀ kí Jímọ̀ tó dé. Ẹ má sọ pé ẹ̀yin lẹ̀gbọ́n, kó wá bá yín. Bẹ́ ẹ bá débẹ̀, ẹ má dá ọ̀rọ̀ ìbò sílẹ̀. Bó bá gbé oúnjẹ wá, ẹ jẹ ẹ́.

Ti fìlà, ìrun náà dára. Ṣùgbọ́n Ànábì kírun rí nínú aṣọ tó ní iṣẹ́ ọnà lára, ó ní ó fẹ́ fa ọkàn òun kúrò lórí ìrun, ó sì ní kí wọ́n gbé e padà fún Abu Jahm. Bí ẹni tó wà ní sàfù ẹ̀yìn bá ń ka orúkọ ẹgbẹ́ lẹ́yìn orí yín bẹ́ ẹ ti ń forí kanlẹ̀, ẹ fi fìlà yẹn sílé.