Wọ́n Ti Yẹ Títì Wò Tán, Owó Kò Jáde

ÌBÉÈRÈ: Màmá Ẹ̀ńjíníà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó títì ni mo wà. Lọ́dún méjì sẹ́yìn, wọ́n gbé ọkọ̀ oníkámẹ́rà gba gbogbo títì ńlá orílẹ̀-èdè wa kọjá, wọ́n sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìràwọ̀ ààbò, láti orí ẹyọ kan, tó léwu jù, dé márùn-ún, tó láàbò jù. Èyí tó pọ̀ jù kò ju ìràwọ̀ méjì lọ. Ìwé àbọ̀ náà ki, wọ́n tiẹ̀ ṣe ayẹyẹ fún un, ṣùgbọ́n kò sí owó kankan tó tẹ̀lé e. Kí ni ká ṣe?

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka lẹ́tà rẹ, nítorí ojú mi ti rí irú rẹ̀. Nígbà tí mo ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, ọ̀pọ̀ oṣù la fi jókòó ti fọ́tò títì, tí à ń kọ ohun tó wà níbẹ̀ sílẹ̀ ní ọgọ́rùn-ún mítà sí ọgọ́rùn-ún mítà: bí etí títì ṣe fẹ̀ tó, igi tó dúró létí kọ́nà, ibi tí àwọn ẹlẹ́sẹ̀ ń gbà rìn. Kọ́nà kan wà tí orí afárá kékeré yọ síta níbẹ̀ bí eyín. A kọ ọ́ pé kí wọ́n fi irin ìdènà sí i, kí wọ́n sì fa ìlà. Lọ́dún kejì, agbaṣẹ́ṣe dé, ó da ọ̀dà tuntun sórí títì yẹn gan-an, ó ń dán gbinrin. Kò sí irin, kò sí ìlà. Ẹni tó ṣètò kọńtíráàtì kò mọ̀ pé a kọ ìwé kankan. Eré àwọn awakọ̀ wá pọ̀ sí i, afárá sì wà níbi tó wà. Ó ṣì ń dùn mí dòní.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fún ọ pé owó tó ti wà nílẹ̀ ni kí o kọ́kọ́ wá. Lọ bá àwọn tó ń ṣètò àtúnṣe títì, gba orúkọ àwọn títì tí wọ́n fẹ́ ṣe lọ́dún yìí àti lọ́dún tó ń bọ̀, kí o tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àbọ̀ àyẹ̀wò. Ibi tí méjèèjì bá ti pàdé ni kí o ti bẹ̀rẹ̀. Agbaṣẹ́ṣe ń bọ̀ níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ̀rọ rẹ̀ á ti wà lójú ọ̀nà. Ìlà, àmì kọ́nà, ibi ìrékọjá tó ga díẹ̀ fún ẹlẹ́sẹ̀, gbogbo rẹ̀ lè bá kọńtíráàtì kan náà wọlé. Àmọ́ kó wọlé kí wọ́n tó pe àwọn agbaṣẹ́ṣe wá díje o! Tí wọ́n bá ti buwọ́ lùwé, àfikún kékeré máa di ìjà.

Ti títì tuntun kò le tó bẹ́ẹ̀. Láti 2017 ni àwọn orílẹ̀-èdè ti fẹnu kò lábẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé pé tó bá fi máa di 2030, gbogbo títì tuntun gbọ́dọ̀ dójú ìwọ̀n ààbò fún gbogbo ẹni tó ń lò ó, tàbí kó gba ìràwọ̀ mẹ́ta, ó kéré tán. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé ìdíje àti ìwé ẹ̀yáwó.

Ó wá ku owó tuntun. Ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà iRAP, àjọ àgbáyé tó ń fi ìràwọ̀ díwọ̀n ààbò títì, á ti yan àtúnṣe fún yín nínú irú tó lé ní 90, á sì ti ṣírò èrè ogún ọdún. Má gbé àròpọ̀ yẹn lọ bá ilé iṣẹ́ ìṣúná, ẹ̀rù á bà wọ́n. Títì kan ṣoṣo ni kí o gbé lọ. Fẹsẹ̀ rìn ín pẹ̀lú ẹ̀ńjíníà àti àkọsílẹ̀ ìjàǹbá àwọn ọlọ́pàá, kí ẹ fi iye tí agbaṣẹ́ṣe ń gbà gan-an rọ́pò iye inú ẹ̀rọ. Wọ́n á bi ọ́ pé èrè dà. Ibi tó ta kókó nìyí: ilé iṣẹ́ títì ló ń náwó, ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn àti ìdílé ló ń jèrè. Nítorí náà, mú dókítà tó ń tọ́jú àwọn tó fara pa dání lọ sípàdé.

Má sì jẹ́ kí wọ́n fi ìràwọ̀ ti ọlọ́kọ̀ nìkan hàn. Ọ̀tọ̀ ni ti ẹlẹ́sẹ̀, ti oníkẹ̀kẹ́ àti ti alùpùpù. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní mílíọ̀nù 1.19 èèyàn ló kú lójú títì lọ́dún 2021, àwọn mẹ́ta yìí sì tó nǹkan bí ìdajì wọn.

Ní ti owó, ohun kan wù mí nínú ti England. Lọ́dún 2016, ìjọba ya mílíọ̀nù 175 pọ́n-ùn sọ́tọ̀ fún àádọ́ta títì tó léwu jù lára àwọn tí ìjọba ìbílẹ̀ ń bójú tó. Orúkọ títì ti wà lára owó náà láti ìbẹ̀rẹ̀, kò sẹ́ni tó lè sọ pé òun kò mọ ibi tí wọ́n fẹ́ ná an sí. Lọ́dún 2023, wọ́n tún fi mílíọ̀nù 47.5 kún un fún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n mìíràn.

Tí ẹ bá parí títì àkọ́kọ́, ẹ tún gbé kámẹ́rà gbà á, kí ẹ mú ìràwọ̀ tuntun náà lọ síbi ìṣúná tó tẹ̀lé e. Oṣù wo ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìṣúná lọ́dọ̀ yín? Kọ̀wé sí mi padà, kí n lè bá ọ ka ọjọ́ sẹ́yìn láti ibẹ̀.