Wọ́n San Owó Gbà-má-bínú, Wọ́n Ní Àwọn Ò Jẹ̀bi

Ìbéèrè yín lórí òfin àti ẹ̀tọ́

Ọ̀rọ̀ kan ló pọ̀ jù nínú lẹ́tà tó dé ọ̀dọ̀ wa lóṣù yìí: ilé-iṣẹ́ tàbí ilé ìwòsàn tí wọ́n pè lẹ́jọ́, tó sanwó, tó sì kọ ọ́ sínú ìwé pé òun kò ṣe ohun tí wọ́n ní òun ṣe.

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Àwọn àgbà ní ẹni tó mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Kí ló wá dé tó jẹ́ pé ní kóòtù, ẹni tó ń sanwó náà ló ń sọ pé òun ò jẹ̀bi? Ta ló ń san gbèsè tí kò jẹ? (Olùkàwé, Ògbómọ̀ṣọ́)

Òwe yẹn bá ìjà inú ẹbí mu, níbi tí ìkúnlẹ̀ ti ń parí ọ̀rọ̀. Ní kóòtù, ìkúnlẹ̀ lè jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ilé-iṣẹ́ tó bá jẹ́wọ́ fún ẹnì kan ti jẹ́wọ́ létí gbogbo ẹni tó ní irú ẹ̀sùn kan náà sí i.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ Kano. Nígbà tí àrùn yírunyírun jà níbẹ̀ ní 1996, ilé-iṣẹ́ apòògùn Pfizer fún ọmọ 100 ní oògùn tuntun kan tó ń jẹ́ Trovan. Wọ́n fún ọmọ 100 mìíràn ní ceftriaxone, tí àwọn dókítà ti ń lò tẹ́lẹ̀, kí wọ́n lè fi méjèèjì wéra. Ọmọ 11 kú: 5 nínú àwọn tó lo Trovan, 6 nínú àwọn yòókù. Àwọn mìíràn yè é, ṣùgbọ́n etí wọn di, tàbí ara wọn rọ. Àwọn òbí ní ẹnikẹ́ni ò sọ fún àwọn pé ọmọ àwọn ni wọ́n fi ń dán oògùn wò. Pfizer ní àrùn ló pa àwọn ọmọ náà, pé àwọn òbí sì fẹnu gbà kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀.

Lọ́jọ́ 30 oṣù Keje 2009, ilé-iṣẹ́ náà àti ìjọba ìpínlẹ̀ Kano fọwọ́ sí àdéhùn $75 mílíọ̀nù. $35 mílíọ̀nù jẹ́ ti àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn, $30 mílíọ̀nù jẹ́ ti ètò ìlera tí ìjọba Kano bá yàn, $10 mílíọ̀nù sì jẹ́ owó ẹjọ́. Ẹjọ́ owó àti ẹjọ́ ọ̀daràn tí ìpínlẹ̀ náà pè parí síbẹ̀. Pfizer kò gbà pé òun jẹ̀bi.

Ẹ wo ẹni tó tún wà lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí i. Àwọn ẹbí kan ti pe Pfizer lẹ́jọ́ ní New York, kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ibẹ̀ sì ti jí ẹjọ́ náà dìde ní oṣù Kìíní 2009, lẹ́yìn tí kóòtù kékeré ti dà á nù. Ká ní Pfizer kọ ọ́ ní Kano pé "a ṣe àṣìṣe", gbólóhùn yẹn ni àwọn lọ́yà New York ì bá kọ́kọ́ gbé síwájú adájọ́. Ní Amẹ́ríkà, tí kóòtù bá ti gbọ́ ẹ̀rí tó sì dájọ́ pé ilé-iṣẹ́ kan jẹ̀bi, ẹlòmíràn lè fa ìdájọ́ náà yọ, kí ilé-iṣẹ́ náà má tún rí ààyè jiyàn lórí ohun kan náà mọ́. Àdéhùn tí wọ́n ṣe láìgbọ́ ẹjọ́ parí kò ní agbára yẹn.

Ìdí mìíràn wà níbi tí ojú kì í tètè dé. Ọ̀pọ̀ ìwé adójútòfò ló ka jíjẹ́wọ́ ẹ̀bi láìgba àṣẹ léèwọ̀. Ilé ìwòsàn tó bá sọ pé "àwa la jẹ̀bi" kí ilé-iṣẹ́ adójútòfò tó gbọ́ lè bá ara rẹ̀ níbi tí yóò ti dá gbogbo owó náà san. Àwọn tó ń fúnni ní ìwé àṣẹ iṣẹ́ náà ń kàwé, àwọn tó ní ìpín nínú ilé-iṣẹ́ sì ń wo báńkì. Bí ẹjọ́ bá sì lọ jìnnà, kóòtù lè pàṣẹ pé kí wọ́n kó lẹ́tà àti ímeèlì inú ọ́fíìsì síta. Ìyẹn ni ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ń sá fún ju owó lọ.

Lójú tiwa, ọjà ni gbólóhùn "a kò jẹ̀bi" nínú ìwé àdéhùn. Ilé-iṣẹ́ ló ń rà á, ẹ̀yin lẹ ń tà á. Ẹni tí kò mọ̀ pé òun ń tà á ló máa ń fi ṣe èènì.

Ṣé owó tí wọ́n fi lọ̀ wá gan-an kọ́ ni ẹ̀rí pé wọ́n jẹ̀bi? Lẹ́tà wọn wà lọ́wọ́ mi. (Olùkàwé, Abẹ́òkúta)

Ẹ wo òkè lẹ́tà náà. Bí wọ́n bá kọ "without prejudice" síbẹ̀ (ìyẹn ni pé ohun tí wọ́n kọ kò ní pa ẹ̀tọ́ wọn lára), abala 196 nínú òfin ẹ̀rí Nàìjíríà ti 2011 kò jẹ́ kí ohun tó wà nínú rẹ̀ di ẹ̀rí nínú ẹjọ́ tí kì í ṣe ti ọ̀daràn, níwọ̀n ìgbà tó bá jẹ́ pé wọ́n kọ ọ́ nígbà tí ẹ̀ ń jíròrò bí ẹ ṣe máa parí ìjà láìdé kóòtù. Òfin ẹ̀rí 408 ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní kóòtù ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà. A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́, ìdí nìyẹn tí òfin fi fẹ́ kí ènìyàn lè dúnàádúrà láìbẹ̀rù kó tó di pé wọ́n débẹ̀.

Ààbò yìí wà fún ẹ̀yin náà, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú. Ẹ pe ẹjọ́ ₦10 mílíọ̀nù, ẹ wá fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lórí WhatsApp pé "ẹ fún wa ní mílíọ̀nù 2 ká gbàgbé ẹ̀". Lọ́yà wọn lè tẹ̀ ẹ́ jáde. Lẹ́tà méjì ni kí ẹ kọ. Kí èkíní sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀ àti iye tí ẹ ń béèrè. Ẹ má kọ àkọlé yẹn sí i, torí ẹ fẹ́ kí adájọ́ kà á. Iye tí ẹ lè gbà kí ọ̀rọ̀ parí ni kó wà nínú ìkejì, kí àkọlé sì wà lókè rẹ̀ gàdàgbà.

Ilé ìwòsàn aládàáni kan ṣiṣẹ́ abẹ fún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò sì gbé nǹkan dáadáa mọ́. Lọ́yà kọ̀wé sí wọn, wọ́n sì gbé ìwé ojú ewé mẹ́rin wá: ₦3 mílíọ̀nù, ká fọwọ́ sí i láàárín ọjọ́ 7, ká má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ṣé ká gbà? (Olùkàwé, Ìkòròdú)

Ẹ kú ìrójú o. Ọjọ́ 7 yẹn kì í ṣe òfin, àwọn ló fi í sí i. Kí lọ́yà yín kọ̀wé béèrè fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí ẹ sì lo àkókò náà láti mú ẹ̀gbọ́n yín lọ sọ́dọ̀ dókítà mìíràn tí kò bá ilé ìwòsàn náà tan. Kí dókítà náà kọ ọ́ sílẹ̀ bí ọwọ́ náà ṣe wà, bóyá yóò tún gba iṣẹ́ abẹ, àti irú iṣẹ́ tí kò ní lè ṣe mọ́. Kí ìwé yẹn tó dé, ẹnikẹ́ni ò lè mọ̀ bóyá ₦3 mílíọ̀nù tó.

Ìdí ni pé gbólóhùn kan yóò wà nínú ojú ewé mẹ́rin náà tó máa ń sọ pé ẹ ti dárí gbogbo ẹ̀sùn jì wọ́n, "èyí tí a mọ̀ àti èyí tí a kò tíì mọ̀". Bí ọwọ́ náà bá rọ pátápátá lọ́dún tó ń bọ̀, ọ̀rọ̀ ti parí. Ẹ ní kí wọ́n yọ "èyí tí a kò tíì mọ̀" kúrò, tàbí kí wọ́n dárúkọ iṣẹ́ abẹ náà àti ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, kí ìdáríjì náà má kọjá ibẹ̀.

Ẹ wá wo gbólóhùn ẹ̀bi náà. Oríṣi méjì ló wà, wọ́n sì jọra tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn lè kà á kọjá. Èkíní: "Owó yìí kì í ṣe ìjẹ́wọ́ ẹ̀bi." Ìyẹn ò burú, ilé ìwòsàn ń sọ tẹnu tirẹ̀ ni. Ìkejì: "Olùpẹjọ́ gbà pé ilé ìwòsàn kò jẹ̀bi." Níbí, ẹ̀gbọ́n yín ni wọ́n fi ń jẹ́rìí. Ẹ má fọwọ́ sí ìkejì, àfi kí wọ́n yí i padà sí èkíní.

Lórí owó, kí ìwé sọ ẹni tó máa san án, ọjọ́ tó máa san án àti àpò báńkì tó máa wọ̀. "Láìpẹ́" kì í ṣe ọjọ́. Tó bá jẹ́ díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n máa san án, kí ó wà níbẹ̀ pé tí ìgbà kan bá yẹ̀, gbogbo ìyókù di sísan lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ béèrè bóyá owó lọ́yà wà nínú ₦3 mílíọ̀nù náà; ní Kano, wọ́n yà á sọ́tọ̀. Ẹ tún béèrè ẹ̀rí tí wọ́n máa gbà kí wọ́n tó sanwó. Ìyẹn gan-an ló dá owó Kano dúró: àwọn òbí gbọ́dọ̀ fi hàn pé ọmọ wọn wà lára àwọn 200, wọ́n sì ní kí wọ́n wá ṣe àyẹ̀wò DNA. Ọkàn àwọn kan nínú wọn ò balẹ̀ sí àyẹ̀wò náà. Ọdún 2011 ni ẹbí mẹ́rin àkọ́kọ́ tó gba $175,000 lọ́kọ̀ọ̀kan, ọdún méjì lẹ́yìn ìfọwọ́síwèé.

Ẹ lè gbà láti má sọ iye owó náà. Ṣùgbọ́n kí ìwé yọ dókítà tó ń tọ́jú ẹ̀gbọ́n yín, ọkọ tàbí ọmọ rẹ̀, ọlọ́pàá àti ìgbìmọ̀ MDCN tó ń rí sí ìwà àwọn dókítà sílẹ̀, kí ó lè bá wọn sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá sì gbowó kó lè fi ìwà ọ̀daràn ńlá pamọ́ ti dẹ́ṣẹ̀ lábẹ́ òfin.

Ohun kan tún wà fún àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn kan ilé ìwòsàn ìjọba. Òfin tó ń dáàbò bo òṣìṣẹ́ ìjọba fún yín ní oṣù 3 péré láti pe ẹjọ́, ìjíròrò kì í sì í dá àkókò náà dúró. Wọ́n á máa ní "ẹ fọkàn balẹ̀, a ti ń ṣe é", títí oṣù mẹ́ta á fi pé. Ẹ pe ẹjọ́ ná, kí ẹ tó máa bá ìjíròrò lọ.

Ṣé adájọ́ ò lè kọ irú àdéhùn báyìí ni? (Olùkàwé, Adó-Èkìtì)

Ẹnì kan gbìyànjú ẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún láti 1972 ni SEC, àjọ tó ń ṣọ́ ọjà ìpín-ìdókòwò ní Amẹ́ríkà, fi gbà kí ilé-iṣẹ́ sanwó láìjẹ́wọ́, kí wọ́n má ṣáà sẹ́ ẹ ní gbangba. Ní 2011, Adájọ́ Jed Rakoff kọ àdéhùn $285 mílíọ̀nù tí àjọ náà bá Citigroup ṣe, ó ní òun ò lè buwọ́ lù ú láìmọ òótọ́ ọ̀rọ̀. Kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn yí ìdájọ́ rẹ̀ padà ní 2014.

London ni mo wà. Mo kọ owó tí wọ́n fi lọ̀ mí, torí mo fẹ́ kí wọ́n jẹ́wọ́. Ọ̀rẹ́ mi ní ó lè kó mi sí gbèsè. Òótọ́ ni? (Olùkàwé, Peckham)

Òótọ́ ni, tó bá jẹ́ pé lábẹ́ Part 36, ìlànà kóòtù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lórí owó tí wọ́n fi ń parí ẹjọ́, ni wọ́n fi lọ̀ yín. Ẹ ní ó kéré tán ọjọ́ 21 láti gbà á. Tí ẹ bá kọ̀ ọ́, tí kóòtù sì dá iye tí kò ju tiwọn lọ fún yín, ẹ̀yin lẹ máa sábà ru owó lọ́yà wọn láti ìgbà tí ọjọ́ náà ti pé, wọ́n sì lè yọ ọ́ nínú owó yín. Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀ lẹ ń wá, ẹ béèrè fún lẹ́tà ìkẹ́dùn pa pọ̀ mọ́ owó. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti 2006 lórí owó gbà-má-bínú sọ pé ìtọrọ àforíjì nìkan kì í ṣe ìjẹ́wọ́ àìbìkítà, nítorí náà ẹ̀rù rẹ̀ ò yẹ kó bà wọ́n.

Àwọn kan sì ti gba ìjẹ́wọ́. Epo Shell tú sí Bodo, ní ilẹ̀ Ògóni, lẹ́ẹ̀mejì ní 2008. Kí wọ́n tó gbé ẹjọ́ náà lọ sí London, £4,000 ni wọ́n fi lọ gbogbo ìlú náà. Ní 2011, Shell gbà pé òun ló ni ẹrù ìtúsíta méjèèjì, ó wá ku iye epo àti iye owó tí wọ́n ń jà lé. Ní oṣù Kìíní 2015, wọ́n san £55 mílíọ̀nù: £35 mílíọ̀nù fún ènìyàn 15,600, £20 mílíọ̀nù fún ìlú. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ẹbí Ken Saro-Wiwa fẹ̀sùn kan ilé-iṣẹ́ kan náà ní New York pé ó lọ́wọ́ nínú bí wọ́n ṣe yẹgi fún un ní 1995, $15.5 mílíọ̀nù ni wọ́n san ní oṣù Kẹfà 2009, wọn ò jẹ́wọ́ ohunkóhun. Òfin Nàìjíríà ti mú ẹni tó ni ọ̀pá epo láti san owó ìbàjẹ́ tó bá ti ara ọ̀pá tó jò wá. Kò pọn dandan kí wọ́n fi hàn pé ó ṣe àìdáa. Èyí rọrùn láti gbà. Ilé-iṣẹ́ wo ló máa fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ pé òun lọ́wọ́ nínú ikú ènìyàn?

Àdéhùn wa ti di ìdájọ́ kóòtù ní Nàìjíríà. Ṣé a ṣì lè pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn? (Olùkàwé, Òṣogbo)

Ó ṣòro. Abala 241 nínú òfin ìpìlẹ̀ ní ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba àṣẹ kóòtù kí ẹ tó lè tako ìdájọ́ tí ẹ̀yin fúnra yín fohùn ṣọ̀kan lé. Kóòtù lè fagi lé e tí ẹ bá fi ẹ̀rí hàn pé jìbìtì wà níbẹ̀, tàbí pé lọ́yà fọwọ́ sí i láìní àṣẹ yín. Ẹ ṣáà gba ẹ̀dà rẹ̀ tí kóòtù lu òǹtẹ̀ sí lọ́wọ́ akọ̀wé kóòtù. Òun ni ẹ máa fi pàṣẹ gbowó bí ọjọ́ ìsanwó bá kọjá tí wọn ò san.