Ẹ Bi Ẹ̀gbọ́n Léèrè: Àwọn Onírun Gíga Tí Orin Wọn Kò Kú

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. DJ ni mí ní Leeds, òde Yorùbá ni mo sì máa ń ṣe jù. Lóṣù tó kọjá, mo ṣe ìgbéyàwó kan: ọmọ Ìjẹ̀bú ni ìyàwó, òyìnbó Sheffield ni ọkọ. Nígbà tí mo ń lu jùjú àti fújì, àwọn ẹbí ọkọ kàn jókòó, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ bí ẹni tó wá wo eré ọmọ iléèwé. Ni bàbá ọkọ bá wá bá mi, ó ní kí n fi orin Bon Jovi, ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì Amẹ́ríkà, sí i. Kí n tó mọ̀, àwọn bàbá apárí ti bọ́ jákẹ́ẹ̀tì sílẹ̀, wọ́n ń ké bí ọmọ ogún ọdún! Àwọn tiwa pàápàá dìde. Orin tó ti ń lọ sí 40 ọdún nìyẹn o. Wọ́n tún ní kí n fi èyí tó ń rọra lọ sí i, ni obìnrin kan bá bú sẹ́kún. Ẹ̀gbọ́n, kí ni wọ́n fi ṣe orin yìí? — DJ, Leeds

Ìdáhùn: Àbúrò mi, ègbè ni wọ́n fi ṣe é. Gìtá ń hó, irun ń fò, ṣùgbọ́n nínú orin àwọn ará glam metal yìí, ìyẹn àwọn olórin rọ́ọ̀kì onígìtá líle tó ń kun ojú, tó ń gbé irun sókè, ẹni tó ń lé e kò tó ẹni tó ń gbè é. Ìwọ tó ń lu fújì mọ ohun tí mò ń wí. Bí ohùn ẹni tó ń lé orin bá tilẹ̀ há, tí ègbè bá ti dùn, òde á gbóná.

Wo ibi tí wọ́n ti bí i. Ní Los Angeles, títì kan wà tí wọ́n ń pè ní Sunset Strip. Whisky a Go Go wà níbẹ̀, Roxy wà níbẹ̀, Gazzarri's náà wà níbẹ̀ nígbà náà. Láàárín àwọn ọdún 1980 sí 1989, ẹgbẹ́ olórin pọ̀ níbẹ̀ ju kíláàbù lọ. Nígbà tó yá, àwọn onílé ijó kan kò sanwó fún olórin kékeré mọ́. Olórin fúnra rẹ̀ ni yóò ra tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ kíláàbù, òun náà ni yóò wá ẹni tí yóò tà á fún. Ni wọ́n bá ń rìn ní títì lálẹ́, ọkùnrin bí ọkùnrin, tìróò lójú, ètè pupa, wọ́n ń pín ìwé pélébé fún ẹni tó ń kọjá. Àwọn Poison, tí wọ́n ti Pennsylvania wá ní 1984, kò kẹ̀rẹ̀ nínú iṣẹ́ yìí. Ẹni tó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá èrò báyìí kò ní kọ orin tí èrò yóò gbọ́ lẹ́ẹ̀mẹta kó tó yé wọn. Èyí tí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, tí bíà rẹ̀ ò tíì dé ìdajì, lè bá a gbè ló máa kọ.

Sheffield tí ọkọ ìyàwó ti wá náà ní tiwọn. Ọmọ ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ Def Leppard, bí wọn kì í tiẹ̀ fẹ́ kí wọ́n ka àwọn mọ́ glam metal. Ní ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún 1984, onílù wọn, Rick Allen, ní jàǹbá ọkọ̀ nítòsí ìlú náà, apá òsì rẹ̀ sì lọ. Wọn ò gba ẹlòmíì. Wọ́n dúró dè é títí ó fi kọ́ bí yóò ṣe máa fi ẹsẹ̀ òsì tẹ ohun tí apá òsì ń lù tẹ́lẹ̀, lórí ìlù oníná tí wọ́n ṣe fún un. Ní 1987 ni àwo wọn, Hysteria, tó jáde. Mutt Lange tó bá wọn ṣe é kó ohùn wọn lé ara wọn léraléra, títí ègbè fi ń dún bí ìjọ tó kún fọ́fọ́.

Ìbàdàn ni mo ti wá sí Sheffield ní 1988. Iṣẹ́ alẹ́ ni mo rí, ní ilé búrẹ́dì kan. Rédíò kan wà lórí pákó, ìyẹ̀fun ti bò ó. Ariwo lásán ni orin inú rẹ̀ létí mi. Ọ̀gá wa jẹ́ ọkùnrin fìrìgbọ̀n kan tó máa ń gbé àpò ìyẹ̀fun bí ẹní gbé ìrọ̀rí, tí kì í kí èèyàn. Lóru ọjọ́ kan, Love Bites, orin Def Leppard tó wà nínú Hysteria, bẹ̀rẹ̀ nínú rédíò. Ó dúró. Ó dojú kọ ògiri, ó ń gbè é, ohùn rẹ̀ tín-ín-rín bí ti ọmọdé, omijé sì ń la ojú ọ̀nà méjì gba inú ìyẹ̀fun tó wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kọjá. Orin parí, ó nu ojú, ó ní kí n gbé páànù búrẹ́dì wá. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti mọ iṣẹ́ tí power ballad, èyí tó ń rọra lọ tí wọ́n ní kí o fi sí i yẹn, ń ṣe.

Kì í ṣe orin ìfẹ́ lásán. Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ bí ẹni tó ń dá sọ̀rọ̀: gìtá kan tàbí dùùrù, ohùn jẹ́jẹ́. Ìlù á ṣe sùúrù. Tó bá di ègbè, ìlù á já wọlé, gìtá oníná á gba ojúlé kejì wọlé, ẹni tó ń dá ronú á wá bá ara rẹ̀ láàárín ẹgbẹ̀rún èèyàn tí nǹkan kan náà ń dùn. Ọkùnrin tó wọ aṣọ awọ, tó ti ń fò láti wákàtí kan, ta ni yóò pè é ní ojo tó bá sunkún níbẹ̀? Bret Michaels tó ń lé orin fún Poison sọ pé ilé ìfọṣọ kan ní Dallas lòun ti kọ Every Rose Has Its Thorn. Ó pe ọ̀rẹ́bìnrin rẹ̀ lórí fóònù, ó gbọ́ ohùn ọkùnrin lẹ́yìn rẹ̀, ó sì padà lọ jókòó ti aṣọ rẹ̀. Ní ìparí 1988, orin náà ló wà ní ipò kìíní ní Amẹ́ríkà.

Ká wá sórí ti Bon Jovi, torí mo mọ̀ pé Livin' on a Prayer lo lù. Ọmọ New Jersey ni wọ́n, 1986 ni orin náà jáde. Tommy inú rẹ̀ jẹ́ òṣìṣẹ́ èbúté, iṣẹ́ ti dúró nítorí ìyanṣẹ́lódì, ó ti fi gìtá rẹ̀ dógò. Gina ló ń fi iṣẹ́ ilé oúnjẹ gbọ́ bùkátà. Orin àìlówó ni gbogbo yín ń jó sí yẹn! Lọ gbọ́ ègbè tó kẹ́yìn dáadáa. Kí wọ́n tó wọ̀ ọ́, wọ́n yọ ìlù ẹyọ kan kúrò, ẹsẹ̀ á fẹ́ kọ, ohùn á sì fò sókè lójijì. Kò sí bí o ṣe fẹ́ gbè é níbẹ̀ láìké. Bàbá apárí mọ̀ pé ohùn òun kò ní í débẹ̀. Ìdí tó fi tètè bọ́ jákẹ́ẹ̀tì nìyẹn.

N kò ní tàn ọ́, pàǹtí pọ̀ nínú wọn. Èyí tó ń sọ̀rọ̀ obìnrin bí ẹní ń yẹ mọ́tò wò pọ̀ jù, mi ò lè lù wọ́n níbi tí àwọn ọmọbìnrin mi bá wà. Nígbà tí àwọn oníṣòwò rẹ́kọ́ọ̀dù sì rí i pé power ballad ló ń tà, gbogbo ẹgbẹ́ ló ń kọ ọ́, ó sì sú èèyàn. Nirvana gbé orin rọ́ọ̀kì míràn tí kò ní ọ̀ṣọ́ dé ní 1991, ọ̀pọ̀ wọn lọ sílé. Ṣùgbọ́n ní 2023, Def Leppard àti Mötley Crüe, ẹgbẹ́ glam metal Los Angeles, jọ ṣeré ní Bramall Lane, pápá bọ́ọ̀lù Sheffield, mo lọ. Ìyá àgbà kan àti ọmọ ọmọ rẹ̀ wà níwájú mi. Lílé orin kò dá ọmọ náà lójú, ó kàn ń jẹnu wúyẹ́wúyẹ́. Tó bá di ègbè, òun ló ń ké ju ìyá rẹ̀ àgbà lọ.

Tó o bá tún rí irú òde bẹ́ẹ̀, má fi èyí tó ń rọra lọ ṣáájú. Jẹ́ kí wọ́n jẹun tán, lu Bon Jovi, kó o sì fi jùjú tí ègbè rẹ̀ tóbi tẹ̀ lé e kí wọ́n tó jókòó. Àwọn òyìnbó á gbè é láìmọ ìtumọ̀.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 16, ra ẹ̀wù dúdú kan tí wọ́n kọ Mötley Crüe sí. Tóótó méjì-méjì wà lórí lẹ́tà rẹ̀, ará ìjọ wa kan sì ní àmì ẹgbẹ́ òkùnkùn ni. Orin wọn kan tún dárúkọ Sàtánì. Kí n jó ẹ̀wù náà? — Ìyá kan, Ìkòròdú

Ìdáhùn: Ìyá, ẹ má jó ẹ̀wù ẹlẹ́wù. Ara ìgò bíà Löwenbräu tí wọ́n ń mu ni wọ́n ti rí tóótó yẹn, ó wù wọ́n, wọ́n gbé e lé orúkọ. Tiwa tó wà nísàlẹ̀ lẹ́tà ń ṣiṣẹ́. Ẹ yọ ọ́ lára “ọjọ́” kẹ́ ẹ wo ohun tó kù. Tiwọn kò níṣẹ́ kankan, aṣọ ẹ̀yẹ ni. Shout at the Devil ti 1983 ńkọ́? Àkọlé rẹ̀ ní ká jágbe mọ́ Sàtánì, kò ní ká sìn ín. Ọjà ni wọ́n ń fi ẹ̀rù tà.

Irú ìbéèrè yín ti dé Sẹ́nétì Amẹ́ríkà rí, ní oṣù Kẹsàn-án 1985. Dee Snider tó ń lé orin fún ẹgbẹ́ Twisted Sister wọlé síbẹ̀ tirun-tirun, ó ní inú ẹ̀sìn Kristẹni ni wọ́n tọ́ òun sí, òun kì í mu sìgá, òun kì í mu ọtí, òun kì í lo oògùn olóró.

Ohun tí ẹ ó bá ọmọ sọ wà níbòmíràn. Ní oṣù Kejìlá 1984, Vince Neil tó ń lé orin fún Mötley Crüe mutí yó, ó wa mọ́tò, Razzle, onílù ẹgbẹ́ Hanoi Rocks tó jókòó tì í, sì kú. Lọ́dún mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀, díẹ̀ ló kù kí oògùn olóró pa Nikki Sixx, ọmọ ẹgbẹ́ Mötley Crüe kan náà. Ẹ bi ọmọ yín bóyá ó mọ ìyẹn.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, irun àwọn olórin glam metal yìí ńkọ́? Ṣé wíìgì ni? — Onídìrí, Peckham

Ìdáhùn: Rárá o, irun orí wọn ni. Wọ́n á dorí kodò, wọ́n á fi ẹ̀rọ gbẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n á wá fọ́n Aqua Net sí i, agolo olówó pọ́ọ́kú, títí yóò fi le gbagidi. Ti 1986 ni mò ń sọ o. Ti ìsinsìnyí, ẹ má bi mí.