Ṣé NAFDAC ló ń fún ṣọ́ọ̀bù oògùn ní ìwé àṣẹ?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ sà. Mo fẹ́ ṣí kẹ́míìsì kékeré ní Ìgbógbó, l'Ìkòròdú níbí. Mi ò kàwé oògùn, ṣùgbọ́n ó pẹ́ tí mo ti ń bá ẹ̀gbọ́n mi tà á. Ẹnì kan ní òun á bá mi gba nọ́ńbà NAFDAC fún ṣọ́ọ̀bù náà, kí n mówó wá. Ṣé òótọ́ ni? Oògùn wo ni mo sì lè tà?

Ìdáhùn: Àǹtí, ẹ di owó yín mú. NAFDAC kì í fún ṣọ́ọ̀bù ní nọ́ńbà. Oògùn fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń yẹ̀ wò, àti oúnjẹ inú páálí, omi inú ọ̀rá àti ìpara. Iṣẹ́ tí òfin 1993 gbé lé wọn lọ́wọ́ nìyẹn. Jìbìtì ni ẹni yẹn fẹ́ fi lù yín.

Ọwọ́ PCN, ìgbìmọ̀ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó iṣẹ́ apoògùn, ni ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù àti ẹni tó ń tajà níbẹ̀ wà. Òfin wọn tuntun jáde ní 2022. Láísẹ́ǹsì tí wọ́n ń fún irú yín ni PPMVL, ọdọọdún sì lẹ ó máa sọ ọ́ di ọ̀tun. Ẹ má kọ "Pharmacy" sára bọ́ọ̀dù o, ti ẹni tó gboyè ni.

Ẹ lè ta parasitámọ́ọ̀, iyọ̀ ORS fún ìgbẹ́ gbuuru, oògùn ibà ACT, fítámì, oògùn ikọ́ tí kò ní codeine. Inú páálí tí ilé iṣẹ́ fi dì í ni kó ti kúrò lọ́wọ́ yín. Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ oníkẹ́míìsì ti ń kó sí wàhálà. Oníbàárà á dé, á ní, "Ẹ bá mi po ti ara ríro ti 200 náírà." Wọn á ka pupa méjì, funfun kan, yẹ́lò kan sínú ọ̀rá, kò sí orúkọ, kò sí ọjọ́ tí yóò bàjẹ́. Nígbà mìíràn prednisolone, oògùn sítẹ́róìdì tó lágbára, wà nínú rẹ̀. Ara á fúyẹ́ lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ẹni tó ní ọgbẹ́ inú lè máa ṣu ẹ̀jẹ̀ kó má mọ ohun tó fà á. Tí wọ́n bá bẹ̀ yín, ẹ ní ẹ ò tà á. Wọ́n á bínú, kò burú.

Amoxicillin, abẹ́rẹ́ àti irú wọn kì í ṣe tiyín. Tramadol ńkọ́? Ẹ má fẹ́ kí NDLEA, àjọ tó ń gbógun ti oògùn olóró, wá kan ilẹ̀kùn yín.

Níbi tí ẹ ó ti máa rajà, mo mọ̀ pé Ìdúmọ̀tà ló máa kọ́kọ́ wá sí yín lọ́kàn. Ní oṣù kejì 2025, NAFDAC ti ọjà oògùn ibẹ̀ pa nítorí ayédèrú. Ọ̀dọ̀ alágbàtà tó ní ìwé àṣẹ ni kí ẹ lọ, ẹ gba rìsíìtì, kí nọ́ńbà "batch", ìyẹn nọ́ńbà tí ilé iṣẹ́ fi ń dá oògùn tí wọ́n ṣe pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà mọ̀, sì wà lórí rẹ̀. Ní 2008, oògùn eyín ọmọ tí wọ́n ń pè ní My Pikin ní diethylene glycol nínú, májèlé tó ń ba kíndìnrín jẹ́, ó sì pa ọmọ tó lé ní 80. Tí irú ìkéde bẹ́ẹ̀ bá tún jáde, rìsíìtì yẹn lẹ ó fi mọ̀ bóyá ti orí pẹpẹ yín wà lára rẹ̀.

Fọ́ọ̀mù PPMVL, ẹ̀ka PCN ní Èkó ni kí ẹ ti gbà á fúnra yín. Wọ́n máa wá wo ṣọ́ọ̀bù kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Tó bá jẹ́ kọ̀ǹténà lẹ fẹ́ lò, ẹ kọ́kọ́ wá nǹkan ṣe sí ooru rẹ̀: ọ̀pọ̀ páálí ló kọ ọ́ sára pé ooru ibi tí a bá kó o sí kò gbọdọ̀ ju 30°C lọ.